Bí mo ṣe tún ẹsẹ̀ Mazda MX-5 àtijọ́ ṣe fún pápá eré ìje

Ọkọ̀ tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí ni Mazda MX-5 ìran kìíní, èyí tí wọ́n ṣe láti 1989 títí di 1997, ẹ́ńjìnnì lítà 1.6. Ó fúyẹ́, wíìlì ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (ibi tí ṣọ́ọ̀kì àti sípíríngì ti gbé ọkọ̀ lé wíìlì) ló sì ní upper arm àti lower arm tirẹ̀, ìyẹn apá irin òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó di wíìlì mú, nítorí náà kò sí ìdí láti da àgbékalẹ̀ rẹ̀ rú. Ohun tó ń dà á láàmú lórí pápá ni pé sípíríngì rẹ̀ rọ̀ jù, àyè tí ṣọ́ọ̀kì ní láti wọlé kò pọ̀, búṣìn rẹ̀, ìyẹn rọ́bà oríkèé àwọn apá irin náà, sì ti gbó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé kí ọkọ̀ ṣáà ti sún mọ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Àyè ìrìn ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ṣáájú, torí òun ló ń sọ bí sípíríngì ṣe gbọ́dọ̀ le tó àti ibi tí ọkọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ dé.

Mo yọ sípíríngì kúrò lára ṣọ́ọ̀kì kan, mo dá ṣọ́ọ̀kì nìkan padà sáyè rẹ̀, mo wá fi jáàkì gbé wíìlì sókè ní mm 50. Ṣọ́ọ̀kì wọlé ní mm 35. Ìyẹn 0.7, tí a bá fi 0.7 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di 0.49. Iye yìí la fi ń sọ agbára sípíríngì di agbára tí wíìlì ń rí ní tòótọ́. Sípíríngì iwájú tó bá ọkọ̀ dé láti ilé iṣẹ́ kò ju nǹkan bíi kg 3 fún mm kan lọ, kò sì ju 1.47 lọ tó bá dé wíìlì.

Ká wá mú ọkọ̀ náà wọ kọ́nà pẹ̀lú táyà tó gbámú, débi pé agbára tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Nǹkan bíi kg 165 ni yóò ṣí lọ sórí wíìlì iwájú tó wà lóde kọ́nà. Bí stabilizer, ìyẹn ọ̀pá irin tó so wíìlì òsì mọ́ ọ̀tún kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ jù, bá gba ìdá kan nínú mẹ́ta, ó ku kg 110 fún sípíríngì. Pín in sí 1.47, ó di mm 75. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí mo fẹ́, àyè tó kù kí ṣọ́ọ̀kì tó kan rọ́bà ìdádúró jẹ́ mm 45, ìyẹn mm 64 ní wíìlì. Kò tó. Ọkọ̀ á jókòó lé rọ́bà láàárín kọ́nà, ibi tó bá sì ti jókòó lé e, ẹsẹ̀ náà á le gan-an lójijì, táyà á já. Tó bá jẹ́ iwájú, ọkọ̀ á kọ̀ láti yí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn, ìdí rẹ̀ á gbá yí ká. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n ń kó bá ṣọ́ọ̀kì, rọ́bà ìdádúró ló ni ín.

Pẹ̀lú sípíríngì kg 10 fún mm kan, wíìlì á rí 4.9, á wọlé ní mm 22 péré, mm 42 á sì ṣẹ́ kù fún bréèkì àti kọ́ọ̀bù etí pápá. Kí ló dé tí n kò lọ sí kg 14? Wíìlì iwájú kan gbé nǹkan bíi kg 235 nínú ara ọkọ̀. Lórí 4.9, ara ọkọ̀ yóò máa lọ sókè sódò ní bíi ìgbà 2.3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíríngì àtijọ́ ń ṣe é ní 1.25. Láàárín 2 sí 2.5 ló bá ọkọ̀ tí kò ní ìyẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mu. Tó bá kọjá ibẹ̀, táyà á máa fò lórí ojú ọ̀nà tí kò dán, táyà tó sì wà lókè kò di ilẹ̀ mú. Kg 6 ni mo fi sẹ́yìn, kí wíìlì tó ń wa ọkọ̀ lè rí ilẹ̀ dì mú nígbà tí mo bá ń tẹ iná jáde ní kọ́nà.

Irú coilover (ṣọ́ọ̀kì tí sípíríngì yí ká) tí mo yàn ni èyí tí a lè yí ìdí rẹ̀ láti gbé ọkọ̀ sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀ láì fún sípíríngì pọ̀. Èyí tó jẹ́ pé àwo sípíríngì nìkan ló ń yí máa ń jẹ àyè ìrìn bí ọkọ̀ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mo tún lo orí ṣọ́ọ̀kì ti MX-5 ìran kejì, torí ó fi àyè ìrìn kún ti ìran kìíní, pàápàá lẹ́yìn.

Títú rẹ̀ ni iṣẹ́ gidi nínú ọkọ̀ tó ti dàgbà báyìí. Mo ti fi epo tó ń wọ ìpẹtà rin gbogbo bóòtì ní alẹ́ tó ṣáájú. Mo gbé ọkọ̀ lé ìdúró irin mẹ́rin, mi ò sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan. Kí n tó tú ohunkóhun, mo fi ẹfun ìkọ̀wé sàmì sí ojú bóòtì onígun ti lower arm (èyí tí àwo orí rẹ̀ kò sí láàárín gan-an, tó fi jẹ́ pé bí a bá yí i, apá irin á sún), nítorí òun ló ń ṣètò aláímẹ́ńtì. Línkéèjì stabilizer ni mo kọ́kọ́ yọ. Nọ́ọ̀tì méjì ló di orí ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan mú, sípánà 14 ló tú u. Bóòtì ìsàlẹ̀, 17. Ti ẹ̀yìn, inú búùtù lèèyàn ti ń dé orí rẹ̀. Níwájú, àyè kì í gba ṣọ́ọ̀kì jáde àfi tí a bá fa bóòtì gígùn upper arm yọ kí knuckle, ìyẹn irin tó gbé wíìlì dání, lè ṣubú síta. Mo fi wáyà so knuckle náà rọ̀, kí ìwúwo rẹ̀ má baà wà lórí páìpù rọ́bà bréèkì.

Bóòtì méjì ló burú jù nínú ọkọ̀ yìí. Èyí gígùn tó gba ìsàlẹ̀ knuckle ẹ̀yìn kọjá, àti bóòtì onígun ti lower arm. Kì í ṣe nọ́ọ̀tì ló ń há. Ara bóòtì ló ń pẹtà mọ́ irin roboto inú búṣìn. Bí o bá ń fi agbára yí i, rọ́bà búṣìn lò ń lọ́, bóòtì ò kúrò níbi tó wà. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí n dá nọ́ọ̀tì padà títí tó fi bá orí bóòtì dọ́gba kí eyín má bàjẹ́, kí n fi iná gbóná yí i ká, kí n wá lù ú. Ibi tí èyí ò ti ràn, mo fi ayùn gé bóòtì náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì búṣìn. Ní bóòtì tuntun nílẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Lórí búṣìn, rọ́bà tó le ju ti ilé iṣẹ́ lọ ni mo lò. Polyurethane, ìyẹn oríṣi oníke líle kan, dára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ gírísì déédéé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ké, á sì máa há. Rọ́bà ní òfin kan tí a kò gbọdọ̀ fojú fò: ó lẹ̀ mọ́ irin inú àti irin òde, kì í yí, ńṣe ló ń lọ́. Tí o bá dì í pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀, ó ti lọ́ tán kí táyà tó kanlẹ̀. Á máa ti ọkọ̀ sókè, gíga tó o bá wọ̀n á jẹ́ irọ́, rọ́bà náà á sì ya láìpẹ́. Mo kàn fi ọwọ́ mú gbogbo bóòtì náà, mo gbé ọkọ̀ sórí táyà rẹ̀, mo mì ín, lẹ́yìn náà ni mo dì wọ́n dé iye tí ìwé àtúnṣe kọ.

Nígbà tí mo ń to coilover, mo yí àwo títí sípíríngì fi dúró láì mì, mo fi mm 2 kún un, ó tán. N kò fi ìbọn afẹ́fẹ́ di nọ́ọ̀tì orí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì. Ó máa ń yí ọ̀pá náà mọ́ inú, á sì ba rọ́bà tó ń di epo mú jẹ́. Mo so okùn oníke tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Òun ni yóò fi hàn mí lẹ́yìn eré bí ṣọ́ọ̀kì ṣe wọlé tó.

Gíga ọkọ̀, láti àárín wíìlì dé etí fẹ́ńdà: mm 320 níwájú, 325 lẹ́yìn. Mo lè sọ ọ́ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìta lower arm bá ti ga ju inú rẹ̀ lọ, ara ọkọ̀ á máa tẹ̀ sí i ní kọ́nà, àǹfààní sípíríngì líle á sì lọ.

Lẹ́yìn èyí ni òṣùwọ̀n mẹ́rin, ọ̀kan lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú gan-an. Afẹ́fẹ́ táyà ti pé, táńkì kún dé ìdajì, ẹrù tó wúwo tó awakọ̀ wà lórí ìjókòó, línkéèjì stabilizer ẹ̀gbẹ́ kan sì wà ní títú. Òṣùwọ̀n kà báyìí: iwájú òsì 280, iwájú ọ̀tún 250, ẹ̀yìn òsì 270, ẹ̀yìn ọ̀tún 260. Àpapọ̀ rẹ̀ kg 1060. Iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì jọ jẹ́ 520, ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fẹ́ 50. Mo gbé iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì sókè díẹ̀, mo sọ méjì yòókù kalẹ̀ níwọ̀n kan náà, kí gíga ọkọ̀ má yí padà. Ìdá mẹ́rin yípo ni mò ń lò lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn kí táyà lè tú ara wọn sílẹ̀ kí n tó tún ka òṣùwọ̀n. Má ṣe wàhálà láti mú òsì bá ọ̀tún dọ́gba. Àwo sípíríngì kò lè ṣe ìyẹn, àfi kó o gbé ẹrù láti ibì kan sí ibòmíì nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo dá línkéèjì padà, mo ṣe gígùn rẹ̀ débi tí bóòtì fi wọ ihò fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o ní láti fà á kó tó wọ̀, gbogbo ohun tó o ṣe lórí òṣùwọ̀n ti bàjẹ́.

Aláímẹ́ńtì ló kẹ́yìn, torí gíga ọkọ̀ ń yí i. Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Camber, ìyẹn bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú, mo fi dígírì 2.2 sẹ́yìn, 2.6 síwájú. Lára lower arm iwájú, bí o bá yí bóòtì onígun méjèèjì síbì kan náà, camber ló ń yí. Bí o bá yí wọn ní òdìkejì ara wọn, caster ni, ìyẹn bí ìlà tí wíìlì iwájú fi ń yí ṣe tẹ̀ sẹ́yìn. Caster, mo gba 5, ó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Mo na okùn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo wọn iwájú àti ẹ̀yìn rímù kọ̀ọ̀kan: wíìlì iwájú dúró gbọọrọ, ti ẹ̀yìn kọjú síra ní mm 1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lórí rímù ínǹṣì 15, mm 1 tó dígírì 0.15. Gbogbo ìgbà tí camber bá yí ni mo ń tún okùn wò.

Ṣọ́ọ̀kì: mo yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dé ibi tó le jù, mo wá kà á padà, torí ibi líle ló dúró sójú kan. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Bí ọkọ̀ bá ń fò lórí ojú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, mo tú u ní kílíìkì méjì. Bó bá ń mì lẹ́yìn kọ́ọ̀bù, mo le e ní méjì. N kì í fọwọ́ kan iwájú àti ẹ̀yìn pa pọ̀.

Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ lórí pápá, kí n tó wo aago eré rárá, mo tún di nọ́ọ̀tì wíìlì láàárín Nm 88 sí 118, mo sì yẹ àmì gbogbo bóòtì onígun wò, torí wọ́n máa ń yọ̀ tí wọn ò bá dì tó. Lẹ́yìn náà ni okùn oníke. Níwájú, ó ku bíi mm 10 kó kan rọ́bà. Lẹ́yìn, ó ti kàn án, nítorí náà mo gbé ẹ̀yìn sókè ní mm 4, mo sì tún òṣùwọ̀n àti okùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbóná táyà iwájú nínú fi dígírì Celsius 7 ju ti òde lọ, mo sì fi camber sílẹ̀ bó ṣe wà. Ká ní òde ló gbóná jù ni, mo ì bá fi camber kún un; ká ní àárín ló gbóná jù, afẹ́fẹ́ táyà ló pọ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ẹsẹ̀ ọkọ̀.