Ilé-ìwé àwọn ọmọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: láti Òṣogbo ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀

Ilé màmá mi ní Òkè-Fìà kò ṣe é rìn lọ́sẹ̀ yìí. Báàgì ìrìnàjò mẹ́rin ló wà ní ṣíṣí ní pálọ̀. Èlùbọ́ wà nínú ọ̀kan, iṣẹ́ àṣetiléwá tí àwọn ọmọ mi kò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà tí a ti dé wà nínú èkejì, màmá mi sì ń fi ọ̀rá gàrí há àárín bàtà. Ọdún Ọ̀ṣun ti lọ, Arugbá ti gbé igbá dódò ó ti bọ̀, ẹ sì lè rìn ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun báyìí kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀. Tí Òṣogbo bá ti rọ̀ báyìí níparí oṣù Kẹjọ, àwa tí a wá lo ìsinmi mọ̀ pé ilé-ìwé ti ń pè.

Ìyàwó àbúrò mi ló ní kí n kọ èyí sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti lo ọdún kan ní Leeds, òun àtàwọn ọmọ méjèèjì sì ń lọ bá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lálẹ́ àná, níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀gúsí, ó ní, "Àǹtí mi, tí a bá dé lọ́jọ́ Sátidé, ṣé Mọ́ńdè ni wọ́n máa wọlé?" Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi. Níbí, tí ẹ bá mú ọmọ dé ilé-ìwé aládàáni kan ní Ògo-Olúwa lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, tí ẹ ra fọ́ọ̀mù, tí wọ́n fún un ní ìdánwò ráńpẹ́, kó tó di Wẹ́sìdeè ó ti ní àga tirẹ̀. Lọ́hùn-ún, ẹ lè mọ olùkọ́ àgbà bí ẹni mowó, kò lè ṣe é fún yín bẹ́ẹ̀.

Ilé-ìwé ìjọba ọ̀fẹ́ ni, ọmọ tó bá bá òbí rẹ̀ lọ lórí físà sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Gbólóhùn tó wà lára físà ọ̀pọ̀ wa, pé a kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, kò kan ilé-ìwé. Ó kan Child Benefit o, owó tí ìjọba ń fún òbí nítorí ọmọ. Ẹ má tìtorí pé aládùúgbò ń gbà á kọ fọ́ọ̀mù tiyín.

Káńsù àdúgbò tí ẹ ń gbé ni ẹ máa kọ̀wé sí. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní in-year application ni ti ọmọ tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ààyè tán, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ káńsù gbé e sí. Àwọn ilé-ìwé kan ń gba fọ́ọ̀mù tiwọn fúnra wọn, káńsù á sọ fún yín tó bá rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á béèrè pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ìbí ọmọ, wọ́n á sì fẹ́ rí ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé: àdéhùn ilé tí ẹ háyà, tàbí ìwé owó-orí káńsù tó ní orúkọ yín lára. Ibi àdírẹ́sì yìí lọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọ́kọ́ há sí yàrá kan lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, tí orúkọ wa kò sí lórí bébà kankan nínú ilé yẹn. Mo pe àbúrò mi lójú ẹsẹ̀, mo ní ta ló ni orúkọ tó wà lórí àdéhùn ilé. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ Alàájì tí a jọ ń gbé ni." Mo ní kó lọ bá onílé lọ́jọ́ kejì kí wọ́n fi orúkọ tirẹ̀ kún un, ó sì lọ. Ilé-ìwé tó sún mọ́ ilé ni ọmọ sábà máa ń rí, torí bí ilé ṣe jìnnà sí ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ń yan ọmọ. Nítorí náà ẹ wo ilé-ìwé àdúgbò kí ẹ tó san owó ilé.

Òfin ní kí wọ́n dá yín lóhùn láàárín ọjọ́ 15. Inú ìyàwó wa dùn nígbà tó gbọ́, àfi ìgbà tí mo sọ pé ọjọ́ ilé-ìwé ni wọ́n ń kà. Oṣù Kẹjọ kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá, Sátidé àti Sọ́ńdè kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ fọ́ọ̀mù níparí oṣù Kẹjọ lè máa retí ìdáhùn títí oṣù Kẹsàn-án á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ọmọ sì jókòó sílé. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n kọ̀ yín. Tí wọ́n bá wá kọ̀ yín lóòótọ́, pé ilé-ìwé ti kún, òtítọ́ lè wà nínú rẹ̀, torí ní Reception (kíláàsì tó ṣáájú Year 1), Year 1 àti Year 2, òfin kò gbà kí kíláàsì olùkọ́ kan kọjá ọmọ 30. Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ ọmọ sórí ìwé àwọn tó ń dúró, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ohun tó bí ìyàwó wa nínú jù ni ti kíláàsì. Ọmọ rẹ̀ àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 8, ó sì ti ń lọ sí Primary 5. Mo ní Year 4 ni wọ́n máa fi í sí. Ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí kalẹ̀. "Àǹtí mi, ọmọ tó ń ṣe ipò kìíní? Wọ́n fẹ́ dá a padà?"

Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín ọmọ sí kíláàsì lọ́hùn-ún. Ọdún ilé-ìwé wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, ó parí lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọmọ tí wọ́n bá sì bí sáàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn, kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ máa wà. Ẹni tó ti pé ọdún 4 kí oṣù Kẹjọ tó parí á wọ Reception, ẹni tó ti pé 5 á wọ Year 1, wọ́n á máa gùn ún bẹ́ẹ̀ dé Year 6, kí ọmọ ọdún 11 tó wọ Year 7, ìyẹn girama. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹjọ á jẹ́ àbíkẹ́yìn kíláàsì, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ á dúró fún ọdún kan gbáko. Kò sí pé ọmọ mọ̀wé kó fo kíláàsì, kò sì sí pé kò mọ̀ ọ́n kó tún un ṣe, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo bá wọn jà sí i nígbà tèmi. Mo gbé rìpọ́ọ̀tì káàdì ọmọ láti Òṣogbo, èyí tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ipò kìíní sí lẹ́ẹ̀mẹta, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì olùkọ́. Obìnrin náà kà á tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó yìn ín, ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé olùkọ́ náà dára púpọ̀, ó dá a padà fún mi. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ni mo rí i pé inú kíláàsì kan náà ni wọ́n ti ń fún ọmọ tó mú ṣáṣá níṣẹ́ tó le ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ọmọ mi sì rí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jẹ́ irọ̀ bá ṣeré fún ìgbà àkọ́kọ́. Èrò tèmi ni pé àwa la ń sáré jù nílé. Ọmọ ọdún 9 tó wà ní JSS1, ta là ń lé?

Ẹ gbé rìpọ́ọ̀tì náà dání ṣá, pàápàá fún àwọn àgbà. Year 10 àti Year 11 ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ GCSE, ìdánwò ńlá tí wọ́n ń ṣe ní girama, ọmọ tó bá sì dé ní Year 11 ti bá wọn ní ìdajì. Tí ẹ bá láǹfààní láti yan ìgbà tí ẹ máa kó wọn lọ, ẹ ṣe é kó tó wọ Year 10.

Ẹ fi ọjọ́ méjì yìí sórí fóònù yín. Tí ọmọ yín bá ń wọ Year 6 lóṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ni fọ́ọ̀mù girama ń parí, ìdáhùn á sì jáde lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹta. Ti Reception, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ni, ìdáhùn ń jáde lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú ọmọ Year 6 á máa wá ilé-ìwé méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní ráyè mí kanlẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ pípẹ́ padà. Lọ́dún 2019, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣègbéyàwó ní Òṣogbo ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ mi ti wọlé lọ́hùn-ún. A ti ra aṣọ ẹbí. Mo ní kí ni ọ̀sẹ̀ kan? Lẹ́tà owó ìtanràn dé bá wa nílé lẹ́yìn náà: £60 lórí bàbá, £60 lórí ìyá, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ méjì. £240. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣi ìṣirò ṣe ni. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ó ti di £80 lórí òbí kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 21, £160 tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ dé ọjọ́ 28. Ọjọ́ márùn-ún láìgbàyè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ilé-ìwé ti tó kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yín yẹ̀ wò. Tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún mẹ́ta, £160 ni lójú ẹsẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n lè gbé yín lọ sílé ẹjọ́, owó ìtanràn ibẹ̀ sì lè tó £2,500.

Olùkọ́ àgbà lè fún yín láyè tí ọ̀rọ̀ bá le gan-an, bí ìsìnkú òbí, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé kí ẹ tó wọ bààlúù. Ẹ má pè láti Ọláìyá kí ẹ ní ọmọ ní ibà. Ìró fóònù tó ń dún lókè òkun yàtọ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n, ọmọ fúnra rẹ̀ á sì débẹ̀ sọ pé òun jẹ àsun lọ́dọ̀ màmá àgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Scotland, àárín oṣù Kẹjọ ni tiyín ti ń wọlé, nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ tèmi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọjọ́ márùn-ún wà lọ́dún tí àwọn olùkọ́ nìkan ń lọ, INSET ni wọ́n ń pè é, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì sábà máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ó dùn mí láti jẹ́wọ́ pé mo ti mú ọmọ dé ẹnu géètì tí a tì pa.

Níbí, oníkẹ̀kẹ́ kan ló ń kó ọmọ méje àdúgbò wa lọ sílé-ìwé, tó ń kó wọn bọ̀, tí ẹnì kan bá sì pẹ́, ìyá ẹlẹ́kọ á fi í jókòó. Lọ́hùn-ún, ilé-ìwé gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń bọ̀ wá mú ọmọ kékeré kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́. Bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n ń jáde, ẹ̀yin tí ẹ bá sì ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti aago méje àárọ̀. Ẹ béèrè breakfast club àti after-school club, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ ṣáájú ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti fún ọmọ láyè, torí wọ́n tètè ń kún. Ẹni tó bá ń gbowó láti máa tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 nílé ara rẹ̀ fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àfi tó bá jẹ́ ìbátan ọmọ. Arábìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó ní kí ẹ máa san £15 lójúmọ́ fún òun lè kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Ọmọ tó ti pé 3, ìjọba ń san wákàtí 15 lọ́sẹ̀ fún un láti táàmù tó tẹ̀lé ọjọ́ìbí rẹ̀, físà yòówù kí ẹ ní.

Oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ ni fún Reception, Year 1 àti Year 2. Ní London, gbogbo alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni láti ọdún 2023. Àwọn yòókù lè gbé tiwọn dání, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kò gba ẹ̀pà wọlé, torí ọmọ mìíràn wà tó lè tara rẹ̀ kú. Kúlíkúlì ẹ̀pà ni. Mo yọ ọ̀rá méjì kúrò nínú báàgì ìyàwó wa láàárọ̀ yìí, àwa méjèèjì la jẹ ẹ́.

Ẹ má rán yunifọ́ọ̀mù ní kíkún kí ẹ tó mọ ilé-ìwé. Ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì eérú àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun wà káàkiri, wọ́n wà ní supermarket lówó pọ́ọ́kú. Súẹ́tà alámì ilé-ìwé nìkan ló ń gbówó. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ní Òṣogbo ni orúkọ. Gbogbo ohun tó bá kúrò lára ọmọ lọ́hùn-ún, títí kan sókísì, gbọ́dọ̀ ní orúkọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó ti lọ nìyẹn. Àǹtí mi tó ń ránṣọ ní Alékúwodò ń fi ẹ̀rọ kọ ọ́ sórí ríbọ́ọ̀nù funfun, ó ń gé e, ó ń rán an mọ́ ọrùn aṣọ. Lánàá ó gbé ojú sókè nídìí ẹ̀rọ, ó ní ṣé kí òun fi àmì ohùn sórí orúkọ Ọ̀ṣúnwùmí, àbí àwọn òyìnbó kò ní mọ̀ ọ́n kà.

Mo ní kí wọ́n fi sí i. Aṣọ ti tán, ó ku sókísì mẹ́rìnlá.