Bí A Ṣe Ń Tún Iyẹ̀pẹ̀ Àfọ̀kù Ìwakùsà Fọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ìkòròdú níbí máa ń wá bá mi nípa òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn awakùsà ti fọ̀ tán, tí wọ́n dà sí ẹ̀bá odò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítorí wọ́n gbọ́ pé wúrà ṣì kù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, ó kù. Wúrà tó kúnná bí ìyẹ̀fun máa ń bá omi lọ lójú ọpọ́n, èyí tó sì há sínú òkúta tí wọn kò lọ̀ dáadáa kì í jáde rárá. Ṣùgbọ́n mẹ́kúrì tí wọ́n fi kó wúrà jọ lè wà nínú òkìtì kan náà, òjé náà sì lè wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ti ki ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́ ni gbogbo rẹ̀ ti di tiyín.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wádìí ẹni tó ní ìwé àṣẹ lórí ibẹ̀. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì Nàìjíríà ti ọdún 2007 fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, Mining Cadastre Office ní Àbújá ló sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Onílẹ̀ tó gba owó lọ́wọ́ yín kò lè fún yín ní ẹ̀tọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò ní.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó bu iyẹ̀pẹ̀ fún àyẹ̀wò, níbí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, orí òkìtì nìkan ni mo ti bù, èsì rẹ̀ sì dùn létí. Ìgbà tí a gbẹ́ dé àárín ni a rí i pé amọ̀ lásán ló pọ̀ jù níbẹ̀, owó ọkọ̀ àti owó alágbàṣe sì ti lọ. Ẹ gún páìpù gígùn wọ inú òkìtì náà láti orí dé ìdí, ní ojú ibi tó pọ̀, kí ẹ sì da ohun tó bá jáde sórí ọ̀rá fífẹ̀ kan. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ kó o jọ ṣóńṣó bí èlùbọ́ inú ọjà, ẹ tẹ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ kó apá méjì tó kọjú síra kúrò, kí ẹ sì tún ìyókù pò. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan bíi kìlógíráàmù 40. Ẹ fi ìdajì ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n wo wúrà, òjé, mẹ́kúrì àti ásẹ́níìkì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Ẹ fi ìdajì yòókù fọ̀ fúnra yín.

Abọ́ dúdú ni mo fi ń fọ tèmi, torí ojú máa ń tètè rí wúrà nínú dúdú. Mo máa ń kán ọṣẹ díẹ̀ sínú omi kí èyí tó kúnná má bàa léfòó, n ó sì máa mi abọ́ náà rọra. Yanrìn funfun kò tó ìlọ́po 3 omi ní ìwúwo, wúrà sì tó ìlọ́po 19, nítorí náà yanrìn a máa gbẹ́sẹ̀ kúrò títí yóò fi ku ìyẹ̀fun dúdú kan nísàlẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá wé òòfà, ẹ fi fa ìyẹ̀fun dúdú náà, ẹ ó sì rí ìlà pupa rúsúrúsú tó bá wà níbẹ̀. Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́: wúrà yóò tẹ̀, òkúta tó ń dán bíi wúrà yóò fọ́. Bí ẹ bá rí ẹ̀kán funfun tó ń yí kiri bí ìlẹ̀kẹ̀, mẹ́kúrì nìyẹn, ẹ má fi ọwọ́ kàn án, ẹ má sì gbé e sórí iná láéláé. Bí kìlógíráàmù 20 bá mú gíráàmù 0.01 wá, gíráàmù 0.5 ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan, ẹ kò sì ní rí gbogbo rẹ̀ kó. Ẹ fi ìyẹn wé owó epo dísẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó sọ̀rọ̀ èrè.

Ẹnìkan yóò gbà yín nímọ̀ràn sáyánáìdì, májèlé tí wọ́n fi ń yọ́ wúrà kúrò lára òkúta. Iyẹ̀pẹ̀ tí mẹ́kúrì ti wọ̀ kò gbọdọ̀ bá sáyánáìdì pàdé kí a tó yọ mẹ́kúrì náà kúrò. Àdéhùn Minamata ti ọdún 2013, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí mẹ́kúrì, ka lílo sáyánáìdì láìkọ́kọ́ yọ mẹ́kúrì mọ́ àwọn àṣà tó burú jù lọ nínú ìwakùsà wúrà. Pákó gbọọrọ tó dagẹ̀rẹ̀, tí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, ni kí ẹ lò, kí omi máa gbé iyẹ̀pẹ̀ náà ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Mẹ́kúrì pẹ̀lú wúwo, nítorí náà òun àti wúrà ni kápẹ́ẹ̀tì yóò jọ mú; ẹ rọ mẹ́kúrì náà sínú ìgò tó lómi, kí ẹ dé e pa, kí ẹ sì fà á lé àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́wọ́. Omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ padà sódò: ẹ gbẹ́ kòtò méjì, kí ẹrẹ̀ rọlẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa fa omi ti èkejì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má kó òkìtì náà wá sí Ìkòròdú. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti kó àpò sínú ọkọ̀ gba ọ̀nà Ṣàgámù wálé, ṣùgbọ́n kàǹga ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń mu, ilẹ̀ wa sì jẹ́ yanrìn tí omi ń tètè gbà kọjá. Ẹ má sì tà á fún àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ti Jos tilẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí nínú àfọ̀kù tánńganran ibẹ̀ ni mónásáìtì wà, ohun àlùmọ́ọ́nì kan tó ń tú ìtànṣán eléwu jáde, a kò sì gbọdọ̀ fi irú rẹ̀ kọ́ ogiri yàrá. Ní Zamfara ní ọdún 2010, eruku òjé láti inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. Nítorí náà, kí aṣọ àti bàtà iṣẹ́ máa sùn níbi iṣẹ́.

Ìyókù ẹ dá padà sínú kòtò tí ẹ fi amọ̀ rẹ́ nísàlẹ̀, kí ẹ po òkúta ẹfun lílọ̀ mọ́ ọn bí òkúta inú rẹ̀ bá ní imí ọjọ́, torí afẹ́fẹ́ àti òjò á sọ ọ́ di omi kíkan tó ń tú májèlé jáde. Ẹ fi amọ̀ bò ó, kí ẹ gbin koríko sí i. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹ padà lọ bu omi tó ń sun nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí bébà ìdánwò búlúù bá di pupa nínú rẹ̀, omi náà ti kan nìyẹn: ẹ ṣí kòtò náà, kí ẹ sì fi òkúta ẹfun kún un.