Télọ̀ tó fẹ́ lọ sókè òkun: ìwé iṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Adó-Èkìtì ni mo ti ń ránṣọ, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ iṣẹ́ bá gba ìyọ̀ǹda tán, ohun tó máa ń padà wá sọ fún mi ni pé òun ti rí ṣọ́ọ̀bù sí Ìkéré tàbí Ìfàkì, kí n wá bá òun gbàdúrà sí i. Ní báyìí, lẹ́tà ni wọ́n ń wá gbà. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ pé mo ti bá yín ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà." Ọmọ tí kò lò ju ọdún mẹ́ta lọ lọ́dọ̀ mi! Mi ò bá wọn bínú, mo mọ ohun tó ń lé wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà irọ́ kò ní gbé wọn débì kankan, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ipò tí iṣẹ́ wa wà lójú àwọn tó ń fúnni ní físà. Ní Kánádà, gbogbo iṣẹ́ ló ní nọ́ńbà. Ti àwa télọ̀ ni 64200, TEER 4 ni wọ́n sì tò ó sí, ìyẹn ìpele ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ gbà; nọ́ńbà kékeré ló wà lókè. Express Entry tí gbogbo ayé ń pariwo, ètò tí Kánádà fi ń yan òṣìṣẹ́ tí yóò wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, kò gbà ju TEER 0 sí TEER 3 lọ. Ọ̀nà tí wọ́n là fún oníṣẹ́ ọwọ́ nínú rẹ̀ wà fún irú àwọn kápẹ́ńtà, wẹ́dà, púlọ́ńbà, oníná, alápatà, alásè àti àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. A kò sí níbẹ̀. Ní ìlú Ọba, láti 22 July 2025, iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ yunifásítì ni wọ́n ń fún ní físà òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Skilled Worker, àyàfi ìwọ̀nba tí wọ́n kọ sínú ìwé àkànṣe tiwọn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ títọ́jú arúgbó mọ́ àwọn tí agbanisíṣẹ́ fẹ́ gbà láti ilẹ̀ mìíràn. Bí ẹnì kan bá ní òun yóò fi aṣọ rírán gbé yín dé London, ẹ ní kó fi orúkọ iṣẹ́ wa hàn yín nínú ìwé náà kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sí i lọ́wọ́.

Iṣẹ́ wa lè má sí nínú ìwé wọn, síbẹ̀ ẹ̀rí iṣẹ́ ni gbogbo ọ̀nà tó kù yóò béèrè lọ́wọ́ yín. Sàtífíkéètì ẹgbẹ́ télọ̀ tí a fi ń ya fọ́tò lọ́jọ́ ìyọ̀ǹda níyì púpọ̀ nílé, mo sì fẹ́ kí ẹ máa pa á mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí Ottawa tàbí Berlin kò mọ ẹgbẹ́ wa. Ẹ lọ ṣe Trade Test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Láti Grade III ni ẹ ó ti máa gòkè dé Grade I. Ẹni tí kò bá bẹ̀rù ìwé kíkà lè ṣe ìdánwò NABTEB, ti àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò, kó lọ béèrè ní Government Technical College tó wà ní Adó níbí.

Báyìí ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà fún àwọn ọmọ mi. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà tí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, fún mi yóò wà lókè. Mo máa ń kọ oṣù àti ọdún tí ọmọ wọlé, oṣù àti ọdún tó gba ìyọ̀ǹda, àti wákàtí tó ń ṣe lọ́sẹ̀. Ìgbà tó fi kọ́ṣẹ́ lọ́tọ̀, ìgbà tó fi ń gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́tọ̀, mi ò jẹ́ pa méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ka ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan: ó ń wọn ènìyàn, ó ń gé aṣọ, ó ń rán bùbá, ìró, agbádá àti ṣòkòtò, ó ń fi aṣọ inú (láínì) sí kóòtù, ó ń fi síìpù sí gáùn, ó mọ maṣíìnì íńdọ́sítírà àti wífìn tó ń dí etí aṣọ lò. Mo fọwọ́ sí i, mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sí i, bí wọ́n bá sì pè mí, ohun tó wà nínú lẹ́tà náà ni wọn yóò gbọ́ lẹ́nu mi. Mi ò fi ọjọ́ kan kún un. Kánádà yóò lé ẹni tó bá purọ́ fún wọn sẹ́yìn fún ọdún márùn-ún, ìlú Ọba lè ṣe é fún ọdún mẹ́wàá.

Ti ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò ní ọ̀gá tí yóò kọ̀wé fún un. Afidéfíìtì tí ẹ fúnra yín búra sí ní kóòtù kò tó Kánádà. Wọ́n fẹ́ ẹ̀rí pé ẹ̀yin ni ẹ ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rí pé owó ń wọlé, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ oníbàárà tó sọ ohun tí ẹ ṣe fún un àti iye tó san. Nítorí náà, láti òní lọ, ẹ forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní CAC, ẹ ṣí àkáǹtì ní orúkọ yẹn, ẹ jẹ́ kí oníbàárà máa fi owó ránṣẹ́ síbẹ̀ dípò kó máa kà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ máa kọ rìsíìtì. Bí ẹ bá rán yunifọ́ọ̀mù fún iléèwé kan, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé. Bí ẹ bá rán aṣọ ẹbí fún ìdílé kan, ẹ gba tiwọn náà. Ọdún méjì irú ìwé báyìí wúlò ju gbogbo ohun tí ajẹ́ńtì lè kó fún yín lọ.

Fún ọmọ tó ṣì kéré, tí kò tíì ní ẹrù ìdílé lọ́rùn, Jámánì ni mo máa ń tọ́ka sí. Wọ́n ń pe ètò náà ní Ausbildung: iṣẹ́ kíkọ́ ni, ẹ ó máa lọ iléèwé, ẹ ó máa ṣe é níbi iṣẹ́, ọ̀gá yóò sì máa san owó fún yín. Fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 2025, owó tó kéré jù ní ọdún kìíní jẹ́ 682 euro lóṣù. Kò tó ná. Bí ohun tí wọ́n bá fẹ́ san kò bá ká ìnáwó yín, wọn yóò ní kí ẹ fi ìyókù hàn nínú àkáǹtì kí wọ́n tó fún yín ní físà. Wọ́n gbà kí ẹ ṣiṣẹ́ mìíràn fún 20 wákàtí lọ́sẹ̀. Èdè Jámánì dé ìpele B1, ìyẹn kí ẹ lè fi sọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Goethe-Institut ní Èkó ń kọ́ni, ó sì ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ojúlé Make it in Germany, ti ìjọba wọn, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀gá.

Wọ́n ń kọ́ télọ̀ níbẹ̀, ọdún mẹ́ta ni. Síbẹ̀ mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti yan iṣẹ́ aṣọ. Ó dùn mí láti sọ ọ́, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ búrẹ́dì tàbí ti alápatà, tí òun náà jẹ́ ọdún mẹ́ta, ni ẹ ó ti tètè rí ọ̀gá tó ń wá ènìyàn. Bí ẹ bá parí, tí ẹ sì fi ọdún méjì ṣe iṣẹ́ tí ẹ kọ́, ẹ lè béèrè fún ìwé àṣẹ láti máa gbé Jámánì títí lọ. Ẹni tó ti lé ní 40, tó ń san owó iléèwé ọmọ, mi ò ní sọ fún un pé kó lọ fi ọdún mẹ́ta jẹ owó ọmọ iṣẹ́.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó wo ẹnì kejì rẹ̀ nílé. Bí ìyàwó tàbí ọkọ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí òun ṣáájú nínú ìwé. Ìlú Ọba gbà kí ọkọ tàbí aya nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbà kó ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ kọ́ àtúnṣe aṣọ kí ẹ tó lọ: gígé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, pípààrọ̀ síìpù jíǹsì, fífún kóòtù, dídín gáùn ìgbéyàwó kù. Aṣọ tí wọ́n ti rán ni òyìnbó sábà máa ń rà, àtúnṣe ni yóò gbé wá fún yín.

Lórí ọ̀rọ̀ ajẹ́ńtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Agbanisíṣẹ́ ní Kánádà ló ń san 1,000 dọ́là LMIA, ìwé tí ìjọba fi ń gbà kó mú òṣìṣẹ́ wá láti òkèèrè; òfin kò gbà kó gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ń ta á fún yín, olè ni. Ìwé orúkọ gbogbo iléeṣẹ́ tó láṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè ní ìlú Ọba wà ní gbangba lórí ojúlé ìjọba wọn, ẹ wo orúkọ náà fúnra yín. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń báni wáṣẹ́ sókè òkun. Migrant Resource Centre, ibi tí wọ́n ti ń gba ẹni tó fẹ́ lọ sókè òkun nímọ̀ràn, wà ní Èkó, Àbújá àti Benin fún ẹni tó fẹ́ béèrè.

Ẹ má ta maṣíìnì kí físà tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù. Bí ọjọ́ bá ti wá dé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ẹ fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún: iye maṣíìnì, ẹni tí yóò máa san owó ṣọ́ọ̀bù, bí èrè yóò ṣe pín. Aṣọ oníbàárà tó bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ rán an tán, kí ẹ fi jíṣẹ́ kí ẹ tó wọ mọ́tò Èkó.