Bí mo ṣe rí ibi tí àkókò ń bá lọ lórí wẹ́bùsáìtì wa

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dà mí láàmú tipẹ́ kí n tó wá nǹkan ṣe sí i. Àwọn tó ń lo wẹ́bùsáìtì wa á pè, wọ́n á ní ó ń fà, wọ́n á ní àwọn ń wá nǹkan lórí ẹ̀ ó kàn ń yí ṣáá, témi náà bá wá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tèmi, wéré ló máa ṣí. Ẹ̀gbọ́n tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká lọ gba server (kọ̀ǹpútà tó ń gbé wẹ́bùsáìtì wa jáde) tó tóbi ju èyí lọ, mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná, torí a ò tíì mọ nǹkan tó ń ṣe é.

Curl ni mo kọ́kọ́ mú, irinṣẹ́ kékeré téèyàn fi ń tẹ àṣẹ láti béèrè ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù. Tẹ́ ẹ bá fi -w sí i, ó máa sọ bí àkókò ṣe lọ: time_namelookup ni ìgbà tó rí àdírẹ́sì, time_connect ni ìgbà tó kan server lára, time_appconnect ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ TLS (àdéhùn ààbò láàárín àwọn méjèèjì) parí, time_starttransfer ni ìgbà tí báìtì àkọ́kọ́ wọlé, time_total ni ìgbà tó parí pátápátá. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń ka ìkọ̀ọ̀kan wọn, ẹ má rò wọ́n pọ̀. Tí namelookup bá jẹ́ 0.030 tí connect jẹ́ 0.050, 0.020 péré ni connect fúnra ẹ̀ lò. Mo ṣe tèmi bí ìgbà ogún, 0.19, 0.21, 0.18, bẹ́ẹ̀ náà ló ń lọ. Àwọn èèyàn ṣì ń pè.

Nǹkan tó ń wá tó ń lọ, èèyàn ò lè fọwọ́ mú un báyẹn, àfi kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Mo wá gbé Prometheus àti blackbox_exporter, ètò méjì tí wọ́n fi ń ṣọ́ nǹkan, ka orí kọ̀ǹpútà mìíràn, kì í ṣe orí server yẹn fúnra ẹ̀ o, torí tẹ́ ẹ bá ń wọn server látinú ara ẹ̀, ẹ ò ní rí ohun tẹ́ni tó wà níta ń rí. Blackbox ló ń lọ ṣí ojú ìwé náà bí èèyàn ṣe máa ṣí i, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ là ń pè ní probe, port (ẹnu ọ̀nà) 9115 ló ń gbọ́ lé, Prometheus á máa wá bi í léèrè, á sì máa tọ́jú ìdáhùn. Mo ní kó máa bi í ní sẹ́kọ́ńdì 15 síra, torí ìṣẹ́jú kan tó máa ń lò téèyàn ò bá sọ nǹkan kan ti jìnnà jù fún irú nǹkan tí mo ń wá.

Ibi tó gbà mí lákòókò ni relabel_configs, apá inú fáìlì ìṣètò Prometheus tó ń yí àdírẹ́sì padà kó tó lọ bi nǹkan. Ìlà mẹ́ta ni. Èkíní á mú àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì kúrò nínú __address__ lọ sínú __param_target, èkejì á dà á kọ sínú instance kẹ́ ẹ lè mọ èwo lẹ̀ ń wò, ẹ̀kẹta á wá fi 127.0.0.1:9115 rọ́pò __address__. Mo gbàgbé ẹ̀kẹta yẹn, ìyẹn túmọ̀ sí pé wẹ́bùsáìtì gan-an ni Prometheus fúnra ẹ̀ fẹ́ lọ bá dípò kó lọ bá blackbox, kò sì síkankan tó ṣiṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó tún un tan, ẹ kọ́kọ́ fi promtool check config yẹ̀ ẹ́ wò, torí YAML, irú ìkọ̀wé tí wọ́n fi ń kọ fáìlì yẹn, ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, àlàfo kan ṣoṣo tó bá ṣìnà ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Nǹkan mìíràn ni pé kẹ́ ẹ má fọkàn tán up, nọ́ńbà tí Prometheus fi ń sọ bóyá ẹni tó bi léèrè dáhùn. Up ń sọ pé blackbox wà láàyè ni, wẹ́bùsáìtì yín lè ti kú kí up ṣì jẹ́ 1. Probe_success ni kẹ́ ẹ máa wò, 1 ni tí ojú ìwé náà bá ṣí, 0 ni tí ò bá ṣí.

Kò tíì tó ọjọ́ kan tí probe_success fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí 0, ẹ̀ẹ̀kan lówùúrọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣó o rí i, mo sọ fún ẹ." Mo wo blackbox.yml, timeout tó wà níbẹ̀ jẹ́ 5s, ìyẹn ni pé ohun tó bá ti kọjá sẹ́kọ́ńdì márùn-ún ó máa já a sílẹ̀ láìsọ ibi tó dé. Mo yí i sí 9s, kò lè kọjá bẹ́ẹ̀ torí sẹ́kọ́ńdì 10 ni Prometheus fúnra ẹ̀ máa ń dúró mọ. Ọjọ́ kejì, àwọn tó kú tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá pẹ̀lú nọ́ńbà: 5.21, 5.20, 5.22.

Nọ́ńbà yẹn ni mo jókòó tì. Server tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn kì í pẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, ó lè lo 2 báyìí kó lo 7 tó bá yá. Ohun tó bá ń pẹ́ ní iye kan náà ṣáá, ẹnì kan ló ń ka àkókò dúró níbì kan. Mo ṣí probe_http_duration_seconds, èyí tó pín àkókò náà sọ́nà márùn-ún, resolve (wíwá àdírẹ́sì), connect, tls, processing (dídúró kí server dáhùn), transfer. Resolve nìkan ti kó sẹ́kọ́ńdì márùn-ún lọ! Linux máa ń dúró sẹ́kọ́ńdì 5 de nameserver (ẹ̀rọ tó ń sọ àdírẹ́sì) àkọ́kọ́ nínú /etc/resolv.conf kó tó bi ìkejì, nameserver àkọ́kọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn nǹkan kì í sì dáhùn nígbà mìíràn. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́lé ló ń ṣàìsàn, a fẹ́ lọ gba server tuntun nítorí ẹ̀. Mo yọ ìlà yẹn, ìlà gíráàfù bá tẹ́ pẹrẹsẹ ní 0.2.

Àwọn èèyàn ò sì dákẹ́. Kí n má parọ́, ó sú mi lọ́jọ́ yẹn. Mo wá bi ọ̀kan nínú àwọn tó pè pé ojú ìwé wo gan-an lẹ wà, ó ní ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Ojú ìwé àkọ́kọ́ lèmi ń wọ̀n látọjọ́ yìí, cache (ẹ̀dà tó ti wà nílẹ̀) ló sì ń gbé ìyẹn jáde, kò kan database (ibi tá a kó dátà sí) rárá, kí ló máa jẹ́ kó pẹ́? Mo fi ojú ìwé ìwákiri kún targets, àwọn àdírẹ́sì tí blackbox ń lọ wò. Aago kan lù, probe kan kú pátápátá ní sẹ́kọ́ńdì 9, èyí tó tẹ̀ lé e lo 3, processing ló kó gbogbo ẹ̀. Aago méjì lù, bákan náà. Gbogbo wákàtí, ní kété tí aago bá ti lù, ìwọ̀n ogún sẹ́kọ́ńdì, ó tán.

Backup ni. Mysqldump, irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà database MySQL, ló ń ṣe é, ó sì ń ti table (àtẹ tí dátà wà nínú ẹ̀) pa títí á fi parí. Kíkà ò ṣòro nígbà yẹn o, kíkọ ni ò ṣeé ṣe, àmọ́ ojú ìwé ìwákiri wa máa ń kọ ohun téèyàn wá sínú table kan kó tó dáhùn, ó bá ń dúró de kọ́kọ́rọ́. Adìyẹ bà lókùn ni, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. InnoDB (irú table kan ní MySQL) ni gbogbo table wa, torí náà mo fi --single-transaction sí àṣẹ backup yẹn, kò ní í ti nǹkan kan pa mọ́.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ká ní àròpín nìkan la gbójú lé, a ò ní rí i láéláé. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: sẹ́kọ́ńdì 15 síra, 240 ni probe inú wákàtí kan, 238 lo 0.2, ọ̀kan lo 9, ọ̀kan lo 3, àròpín ẹ̀ ò ju 0.25 lọ. Ta ló máa torí 0.25 dìde? Quantile 0.95, iye tí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ò kọjá, gan-an ò ní rí i, méjì nínú 240 ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Alert (ìkìlọ̀) tí mo sì ti kọ tẹ́lẹ̀ ní for: 5m, ìyẹn á dúró kí wàhálà pé ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó ké, wàhálà tí ò lò ju ogún sẹ́kọ́ńdì lọ. Max_over_time wákàtí kan, ìyẹn iye tó ga jù láàárín wákàtí kan, ni mo fi rọ́pò ẹ̀, tó bá ti ju 2 lọ kó pè mí.

Aago mẹ́ta kù díẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n jókòó sídìí gíráàfù náà. Aago lù, probe tó yẹ kó kú wọlé ní 0.22, èyí tó tẹ̀ lé e 0.20. Ẹ̀gbọ́n ní kí n ṣì má sọ̀rọ̀, kí ti aago mẹ́rin náà kọjá ná. A jókòó, a dúró dè é.