Bí ẹ ṣe máa fi òṣùpá darí eré The Sims 3 Supernatural

Okun o, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀pọ̀ nínú wa láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, láptọ́ọ̀pù àlòkù la ń lò, ìdí nìyẹn tí The Sims 3 fi wù mí, eré kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ti máa dá èèyàn, tẹ́ ẹ sì máa darí ìgbé ayé wọn, ọdún 2009 ló ti jáde, kò béèrè ẹ̀rọ ńlá. Tí ẹ bá wá fẹ́ kí àjẹ́, iwin, fámpáyà (ẹ̀dá tó ń mu ẹ̀jẹ̀) àti ẹ̀mí òkú máa gbé láàárín àwọn èèyàn inú eré yẹn, Supernatural lẹ máa fi kún un, èyí tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012. Ohun tí mo ń rí ṣá ni pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í wo òṣùpá rárá, wọ́n á kàn máa ṣeré lọ, àfi bí sọ́ńbì, òkú tó ń rìn, bá hù látinú ilẹ̀ lóru ọjọ́ kan, wọ́n á ní gééèmù ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Òṣùpá àrànmọ́jú ló dé, òun ló sì yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ kẹ́ ẹ tó mọ nǹkan míì.

Ẹ kọ́kọ́ ra The Sims 3 fúnra ẹ̀, torí Supernatural ò lè dá ṣiṣẹ́. Méjèèjì wà lórí Steam àti EA app, ibi tí wọ́n ti ń ta gééèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣọ́ ìgbà tí wọ́n bá já owó ẹ̀ wálẹ̀. Ẹ fi dátà òru wà á sílẹ̀, kí láptọ́ọ̀pù sì ti kún fún iná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gba èyí tí wọ́n ń pín lórí fíláàṣì, fáírọ́ọ̀sì ló máa ń bá a wá.

Tó bá ti ṣí, ẹ má tíì dá èèyàn kankan. Ẹ lọ sí Options, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lunar cycle sí. Ibẹ̀ lẹ ti máa sọ iye ọjọ́ tí òṣùpá máa fi yí po, ó lè jẹ́ ọjọ́ 2, ó lè tó 10, ẹ sì lè so ó mọ́ ojú kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kó fi sí 8 tàbí 10, jàre. Tẹ́ ẹ bá fi sí 2, ẹ ò ní rójú gbin nǹkan kan kí òru burúkú tún tó dé. Nínú Options náà, lábẹ́ Demographics, ẹ lè yọ irú ẹ̀dá tẹ́ ẹ ò fẹ́ rí nílùú kúrò. Tí ẹ̀rọ yín bá ń wọ́, ẹ dín wọn kù.

Ẹ wá yan Moonlight Falls, ìlú tó bá Supernatural wá nìyẹn, kẹ́ ẹ sì dá ẹyọ ẹnì kan péré. Níbi tẹ́ ẹ ti ń dá a lẹ máa yan irú ẹ̀dá tó jẹ́. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló fẹ́ fámpáyà, ṣùgbọ́n oòrùn ń jó o, òùngbẹ ẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé, yóò dà yín láàmú. Èèyàn tó ń di ìkookò rọrùn díẹ̀, ó máa ń hú nǹkan iyebíye jáde látinú ilẹ̀, àmọ́ tí òṣùpá bá ti kún, ó di dandan kó yí padà, ì báà wà níbi iṣẹ́. Èmi á ní kẹ́ ẹ mú àjẹ́ tàbí iwin. Àjẹ́ ní ọ̀pá idán, ó ń gun ìgbálẹ̀ fò, ó sì tètè ń mọ iṣẹ́ àgbo. Tí Mọ́mì bá wá rí ọ̀rọ̀ àjẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ti ń pe pásítọ̀, ẹ ní kí wọ́n jókòó wò ó fúngbà díẹ̀, àbí kẹ́ ẹ kúkú mú iwin, ìyẹn ní ìyẹ́ lẹ́yìn, ọwọ́ ẹ̀ sì bá ohun ọ̀gbìn mu.

Iṣẹ́ àgbo yìí gan-an ni adùn ẹ̀. Ẹ ra alchemy station, ibi tẹ́ ẹ ti máa se àgbo nínú eré, kẹ́ ẹ kó ewé, olú, kòkòrò àti òkúta jọ, ewé tí wọ́n ń pè ní wolfsbane ṣe pàtàkì níbẹ̀. Àgbo tẹ́ ẹ bá sè, ẹ lè mu ún, ẹ sì lè jù ú lu ẹlòmíì. Èyí tẹ́ ẹ ò bá tíì mọ̀ ọ́n sè, ẹ rìn dé ṣọ́ọ̀bù Aleister's Elixirs and Sundries nínú ìlú náà, wọ́n ń tà á níbẹ̀, wọ́n á sì gba tiyín tà.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ojú yín ò gbọdọ̀ kúrò lára àmì òṣùpá tó wà nísàlẹ̀. Tó bá ku ọjọ́ kan kó kún, ẹ kórè gbogbo ohun tó bá ti pọ́n, torí sọ́ńbì ń jẹ oko. Ẹ fi Save As tọ́jú eré náà sí orúkọ míì, ẹ má tẹ èyí tuntun lé èyí àtijọ́ lórí, iná ò ṣeé gbára lé. Tó bá ti di alẹ́, ẹ kó gbogbo ará ilé wọlé. Ẹni tí sọ́ńbì bá bù jẹ lè di sọ́ńbì fúngbà díẹ̀, yóò padà sípò, ẹ má torí ẹ̀ pa eré tì.

Tẹ́ ẹ bá ti la òru yẹn kọjá lẹ tó lè mú ẹ̀dá kejì wọlé. Tí ti àkọ́kọ́ bá sì ti sú yín, àgbo tí wọ́n ń pè ní Potent Cure ni kẹ́ ẹ wá fún un mu, yóò dèèyàn padà, ilé, owó àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ á wà bẹ́ẹ̀.