Táyà inú lọ́hùn-ún ló jẹ mí lówó

Táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló bẹ́ lára RV wa, mọ́tò ńlá tó ní yàrá àti ilé ìwẹ̀ nínú, lórí I-10, ọ̀nà márosẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, àmọ́ owó tó bá a lọ ju owó táyà mẹ́fà lọ. Táyà fúnra rẹ̀ ò tó 200 dọ́là. Bí táyà bá bẹ́ lórí eré, rọ́bà tó ya lára rẹ̀ á máa na abẹ́ mọ́tò bíi pàṣán. Ó fa ike tó bo orí táyà ya, ó já wáyà iná ẹ̀yìn, ó tún fọ́ páìpù tí omi ìdọ̀tí ilé ìwẹ̀ ń gbà jáde. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ iye tí wọ́n gbà lórí páìpù yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gééjì ka 80 psi (psi ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) lórí táyà tó bẹ́ yẹn gan-an, kò sì purọ́. Èkejì rẹ̀ tó wà nínú ni afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀, mi ò sì wọn ìyẹn.

Orí Ford E-450 ni wọ́n kọ́ RV wa lé. Táyà méjì wà níwájú, mẹ́rin wà lẹ́yìn, méjì-méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bí ìbejì. LT225/75R16 ni ìwọ̀n gbogbo wọn, load range E sì ni ìpele ẹrù tí wọ́n lè gbé. Ní 80 psi, táyà tó bá dá wà níwájú lè ru pọ́n-ùn 2,680. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìbejì ẹ̀yìn lè ru 2,470. Bí Kẹ́hìndé tó wà nínú bá wá rọ̀, Táíwò tó wà níta ni yóò dá gbé ẹrù ẹni méjì. Á gbóná, ara rẹ̀ á máa tú díẹ̀díẹ̀, á bẹ́. Awakọ̀ ò ní fura, nítorí mọ́tò ò ní fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kí ló dé tí mi ò wọn tinú? Fááfù rẹ̀ ni, ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táyà. Ẹ̀yìn ihò ríìmù táyà òde ló fara pamọ́ sí, ọwọ́ àgbà ò lè wọ ibẹ̀. Ẹni tó ta mọ́tò náà fún wa ti so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi wáyà hun bò mọ́ ọn kí ẹnu rẹ̀ lè yọ síta. Mo rò pé ìrọ̀rùn ni. Ẹ gbọ́ bí rọ́bà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́: bí wọ́n bá ti dè é mọ́ fááfù, ńṣe ló máa ń tẹ abẹ́rẹ́ inú fááfù mọ́lẹ̀ títí lọ. Fááfù ò pa mọ́, rọ́bà yẹn ló wá di ìdérí táyà. Ó ń gbọ̀n, ó ń ha ara rẹ̀ mọ́ ríìmù, bó bá sì jò níbikíbi, táyà jò nìyẹn. Nígbà tí mo po ọṣẹ mọ́ omi tí mo dà á sí ti ẹ̀gbẹ́ kejì, ìfófòó wínníwínní ń yọ níbi tí irin ti pàdé rọ́bà. Òun náà ti ń múra láti jẹ mí lówó.

Mo ní kí ṣọ́ọ̀bù kan yọ gbogbo rọ́bà wọ̀nyẹn. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì fi fááfù onírọ́bà tí gbogbo mọ́tò kékeré ń lò sí i, TR413. Nílé ni mo tó wò ó dáadáa. Fááfù yẹn ò gbọdọ̀ gbà ju 65 psi lọ, 80 sì ni tiwa! Mo padà lọ, wọ́n ní ṣebí ó ń gba afẹ́fẹ́. Mo tún fẹ́ dé sẹ́ńsọ̀ TPMS, tó máa ń sọ iye afẹ́fẹ́ táyà fún awakọ̀, lé e. Sẹ́ńsọ̀ wúwo, bí ẹsẹ̀ mọ́tò bá ń yí, á máa fi ọrùn rọ́bà náà síwá sẹ́yìn títí tí yóò fi já.

Fááfù onírin gígùn tí kò ní rọ́bà kankan ni mo ní kí wọ́n bá mi wá: gígùn gbọọrọ fún táyà inú, èyí tí wọ́n tẹ̀ padà fún táyà òde, nítorí ẹnu ti òde kọjú sínú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dúró. Ó dé, kò wọlé. Ihò 0.625 ínǹṣì ni wọ́n ṣe é fún, ihò ríìmù tèmi sì jẹ́ 0.453. Kò sẹ́ni tó wọn ihò kó tó pè. Mo fi ọwọ́ ara mi wọn ọn, mo ra òmíràn fúnra mi. Bí a ṣe ń fi jáàkì gbé mọ́tò, ẹni tó bá ti ra irú mọ́tò yìí ti mọ̀ ọ́n. Kìkì pé torque wrench, sípánà tó ń wọn bí a ṣe ń fagbára dè é tó, ni kí ẹ fi dé nọ́ọ̀tì táyà, 140 ft-lb, kí ẹ sì tún un dé lẹ́yìn 100 máìlì.

Ó ku iye afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n CAT Scale ní ibùdó àwọn onítírélà sọ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wa ru pọ́n-ùn 8,680. Bí mo bá pín in sí mẹ́rin, 2,170 ni. Ní 65 psi, táyà ìbejì kan ń gbé 2,150, mo ti fẹ́ sọ pé kò jìnnà. Mo dúpẹ́ pé mi ò dúró síbẹ̀. Ní Livingston, Texas, àwọn Escapees, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò RV, máa ń wọn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì jẹ́ 4,620, ọ̀tún 4,060. Fíríìjì, jẹnẹrétọ̀ àti táńkì omi ló kóra jọ sí òsì. Gálọ́ọ̀nù omi 30 nìkan tó pọ́n-ùn 250. Táyà òsì kọ̀ọ̀kan ń ru 2,310, nítorí náà 80 ni mo fi sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ẹ̀gbẹ́ tó wúwo ni a ń tẹ̀ lé fún ọ̀tún àti òsì. Níwájú, èyí tó wúwo jù jẹ́ 1,980. 50 psi ò tó o, 65 tó o dáadáa. 80 ni mo ti ń fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, abájọ tí àárín táyà fi ń jẹ, tí ìjókòó mi sì ń fò sókè.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ wọn ọ́n, kí oòrùn tó kan táyà. Ní 80 psi, bí ojú ọjọ́ bá fi 10°F tutù sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó psi méjì tó ń lọ. Lójú ọ̀nà, ó lè gòkè dé 95. Ẹ má ṣe tú u sílẹ̀. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ilé epo púpọ̀ ò lè dé 80, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí a ń so mọ́ bátìrì ni mo rà.

Nígbà tí mo wà lábẹ́ mọ́tò ni mo rí nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sára táyà: 2314, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Inú ni wọ́n kọjú ẹ̀ sí, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi rí i. Eyín táyà ṣì ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti ń sán wẹ́wẹ́ lábẹ́ oòrùn. Mo pààrọ̀ gbogbo wọn. Mo ń fi aṣọ bo àwọn tuntun báyìí bí mọ́tò bá dúró, mi ò sì fi òróró adán-táyà kàn wọ́n.

Láàárọ̀ àná, mo wọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ: 65, 65, 80, 80, 80, 77. Ọṣẹ àti omi ti wà nínú ike, mò ń lọ wo fááfù 77 yẹn.