Ilé Kan fún Fọ́tò, Kọ̀ǹpútà Méjì: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìtọ́jú ilé.

Láti Ìkọ̀lé dé Ìjerò, fọ́tò ti di ohun èlò oko. Òun la fi ń rántí igi tí ààlà ilẹ̀ gbà kọjá, òun la fi ń fi èso kòkó tó ń dúdú lórí igi han òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀, òun náà la fi ń fi ìnáwó ilé han ọmọ tó wà lókè òkun. Àmọ́ bí bàbá bá ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí ọmọ sì ní tirẹ̀, fọ́tò á pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, kò ní sí ẹni tó mọ èyí tó pé.

Àpótí NAS ló ń kó wọn jọ. Hard disk kan tàbí méjì ló wà nínú rẹ̀, wáyà la fi ń so ó mọ́ ráútà, gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé á sì máa rí ohun tó wà níbẹ̀. Kò jẹ dátà, torí pé inú ilé nìkan ni fọ́tò ti ń rìn. Bí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù, àwọn ráútà kan ní ojú USB tí ẹ lè ki hard disk bọ̀. Ìyẹn lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Bí fọ́tò kan bá jẹ́ 5 MB, hard disk 1 TB á gba fọ́tò bí 200,000, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ọlọ́jà ta èyí tó tóbi ju ìlò yín lọ fún yín.

Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ gan-an mọ́ ráútà. Ògiri bíríkì máa ń dá Wi-Fi lágara.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe

Áàpù fọ́tò ní nǹkan méjì lọ́wọ́: fọ́tò fúnra rẹ̀, àti ìwé àkọsílẹ̀ tó ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti àtúnṣe sí. Fọ́tò kì í yí padà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni áàpù ń kọ nǹkan sínú ìwé yẹn. Bí kọ̀ǹpútà méjì bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó lè bàjẹ́.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Èmi àti àbúrò mi kó fọ́tò àti ìwé àkọsílẹ̀ pọ̀ sórí àpótí kan. Mo wà nínú yàrá, mò ń kọ orúkọ àwọn tó wá síbi ìsìnkú màmá wa, àgbà ìyá kan ní agbolé wa jókòó tì mí, ó ń na ìka sí ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Èyí ni ọmọ Ìyá Elépo." Àbúrò mi wà ní pálọ̀, òun náà ṣí i, ó ń to fọ́tò ààlà oko. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, áàpù kọ̀, kò ṣí mọ́. Fọ́tò kò sọnù, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Kí a tó tún padà sórí rẹ̀, ìyá yẹn ti di olóògbé. Títí di òní, àwọn ojú kan wà níbẹ̀ tí n kò mọ orúkọ wọn.

Nítorí náà, fọ́tò nìkan ni kí ẹ kó sórí àpótí. Kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ sínú ara rẹ̀. Lightroom Classic, áàpù fọ́tò ti Adobe, kì í tilẹ̀ gbà láti ṣí ìwé yìí láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀yin tó ń lo Photos ti Apple, ẹ má gbé àkójọ rẹ̀ (library), tí ìwé àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀, sórí àpótí.

Báwo wá ni orúkọ tí bàbá kọ yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ? Ẹ lọ sí ìtò (settings) áàpù, kí ẹ ní kó máa kọ orúkọ sínú fáìlì fọ́tò gan-an, tàbí sínú fáìlì XMP, ìyẹn fáìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń gbé àkọsílẹ̀ nípa fọ́tò náà. digiKam, áàpù fọ́tò tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè ṣe èyí; Lightroom Classic náà lè ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí áàpù orí kọ̀ǹpútà kejì tún ka orúkọ tó wà nínú àwọn fáìlì náà. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe àtúnṣe sí fódà kan. Ẹ fi ọdún, oṣù àti ibi sọ fódà lórúkọ: "2025-06 Oko Kòkó". Ẹni tí kò ní iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, ẹ fún un láṣẹ wíwò nìkan.

Iná, ààrá àti ẹ̀dà

Iná tó lọ lójijì lè ba disk jẹ́, torí náà ẹ so àpótí àti ráútà mọ́ UPS tàbí ìnfátà. Bí ààrá bá ń sán, ẹ pa wọ́n bó ti yẹ kí ẹ tó yọ wáyà. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa nu eruku ojú ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Disk méjì tó ń ṣe bákan náà nínú àpótí kì í ṣe ẹ̀dà. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí ọ̀kan ti pa rẹ́ lórí èkejì nìyẹn, bí olè bá sì gbé àpótí, ó gbé méjèèjì. Kò sí àgbẹ̀ tó ń kó gbogbo ebu iṣu rẹ̀ sí ọgbà kan ṣoṣo. Ẹ ra hard disk kan sí i, ẹ da fọ́tò kọ sí i lóṣooṣù, kí ó máa gbé ní ilé ẹbí yín ní Adó tàbí ní ìlú mìíràn. Nígbàkígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ṣí fọ́tò mẹ́wàá lórí rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ń ṣí, kí ẹ tó dá a padà.